Ìkíni Dé, Ìkìlọ̀ Ò Dé

Orí kunkun ló kó bá mi, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́.

Ní ọ́fíìsì wa ní Ìbarà, ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ọ̀gá mi tó ti fẹ̀yìn tì fi Fortran, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, kọ. Ó ń ṣírò bí Odò Ògùn ṣe ń kún, ó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn àgbẹ̀ etí odò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tuntun dé, àwọn ìlà kan nínú ètò náà bá ẹ̀rọ àtijọ́ mu, àwọn mìíràn bá tuntun mu. A wá nílò ètò kékeré kan tí yóò máa ṣa ìlà tó yẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ̀rọ tó kà á.

Mo lọ bá ọ̀gá nílé wọn ní Òkè-Ìléwó. Wọ́n ní, "Lo èyí tí wọ́n fi Fortran gan-an kọ. Ibi tí Fortran bá ti ń ṣiṣẹ́, òun náà á ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Mo ní ẹ ṣé, sà. Nínú ọkàn mi, mo ní bàbá yìí mà fẹ́ràn wàhálà o. Ṣebí èyí tí wọ́n ṣe fún èdè C ti wà lórí kọ̀ǹpútà, kí ni mo tún ń wá kiri? Òun ni mo lò. Gbogbo rẹ̀ lọ geere, mi ò sì yẹ àtẹ̀jíṣẹ́ wò.

Àmì // ni Fortran fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Lójú C, ohun tó bá tẹ̀ lé àmì yẹn, àkíyèsí lásán ni, ṣe ló ń gbá a dànù. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá mi, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kọ́ nílé, kò lè bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kí i. "Ẹ kú òjò o, ẹ kú iṣẹ́ oko" ni wọ́n kọ ṣáájú, kí wọ́n tó fi // so ìkìlọ̀ mọ́ ọn.

Òjò ńlá rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin pè mí. Etí odò ni wọ́n ti ń gbin àgbàdo, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń wá.

"Mo rí ìkíni rẹ lánàá. Inú mi dùn, mo ní kí wọ́n kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Àfi bí omi ṣe gbé gbogbo àgbàdo tí mo ti ká lọ."

Yéè! Ojú tì mí gan-an.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo padà sí èyí tí ọ̀gá wí. Ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ méjèèjì, ìkìlọ̀ sì jáde pérépéré. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ni mo bá yọ ìkíni kúrò pátápátá.

Nígbà tí odò tún kún, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún pè.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o, mà. Kí ló dé?"

"O ránṣẹ́ sí mi, o ò kí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Àgbàdo yín ńkọ́?"

"Ó ti wà nílé láti àárọ̀. Kí mi ná."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, mo kí wọn.