Kànga Ìjọ Wa àti Ẹsẹ̀ Òsì Mi

Mo ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí irin tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì mi wò. Píìnì tí a fi ń di aṣọ mú ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi dé ìdí, n kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹ̀rù bà mí.

Kì í ṣe pé ara kò ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ń ta mí bí ẹni tó tẹ eérú gbígbóná. Àmì dúdú kéékèèké bo àyà mi, àtẹ́lẹwọ́ mi yọ kókó líle, mo ní àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ ló fà á. Lẹ́yìn náà ni òùngbẹ tí kì í tán dé, pẹ̀lú ìtọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Aládùúrà ni wá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá a máa mu omi tí a gbàdúrà sí, kànga ìjọ sì ni a ti ń pọn tiwa, omi rẹ̀ ni gbogbo ilé wa ti ń mu fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Bísí, ló ń pọn ọ́n fún mi. Ó máa ń sè é kó tó gbé e lọ bá Wòlíì, torí ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ju gbogbo wa lọ. Bí ojú egbò píìnì ṣe ń fẹ̀ sí i ni ó ń fi kún omi tó ń fún mi. Mo gba ààwẹ̀, omi yẹn nìkan ni mo ń mu. Ẹ̀gbọ́n mi tún ń fi í wẹ egbò náà.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rùn ni wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Níbi tí a ti ń dúró de dókítà, àwọn tó jókòó tì mí ń rọra sún kúrò. Ojú tì mí, mo fi ìborùn bo ẹsẹ̀ mi bí ẹni bo òkú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ìyẹn àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún.

Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú mi yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, ó wò ó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọlé, dókítà yí àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ náà sókè. Kókó kan náà ni.

"Màmá, níbo lẹ ti ń pọn omi?"

"Kànga ìjọ wa. Yèsí a máa bẹ̀rù omi Ọlọ́run?"

Wọ́n yẹ omi náà àti ìtọ̀ wa wò. Wọ́n bá oró kan tí ń jẹ́ ásẹ́níìkì nínú omi náà àti nínú ìtọ̀ àwa méjèèjì. Kí ìjọ tó ra ilẹ̀ yẹn, àwọn oníplánǹkì ló ń rẹ igi sínú oògùn ikán níbẹ̀, oògùn náà sì ti wọlẹ̀ lọ. Ojú kì í rí oró yìí, sísè kì í pa á. Bí omi ṣe ń fà lórí iná, ṣe ló ń ki sí i. Bó bá pẹ́ lára, a máa ba awọ ara àti iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára jẹ́. Ó tún ń dí ínsúlíìnì lọ́wọ́, èyí tí ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí ara ti ń lò ó. Dókítà kò búra pé oró náà nìkan ló fa àtọ̀gbẹ mi, torí ìyá wa náà ní in. Ó ní ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bù ú fún un mu."

Mo bínú sí i. Mo bínú sí Wòlíì, mo bínú sí Ọlọ́run pàápàá. Wòlíì ti kànga náà pa. Àwọn kan nínú ìjọ ṣì ń sọ pé ìgbàgbọ́ wa ló kéré.

Ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé, ẹsẹ̀ kù. Oògùn ṣúgà di ti ojoojúmọ́. Àmì àyà mi kò lọ, ṣùgbọ́n iná inú ẹsẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin tí irú èyí bá ń ṣe, ẹ má fi ìtọ́jú mọ sórí egbò nìkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi yín wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi. Mo rò pé ara yìí ti dà mí, ṣùgbọ́n kò yé kìlọ̀ fún mi rí.

Omi tí a rà ni à ń mu báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé e fún mi láì kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀. Mo ti ṣàlàyé títí pé oró yìí kì í hàn lẹ́nu, pé kò sí ẹni tó lè tọ́ ọ wò kó mọ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló nà án sí mi.