Ìdérí Dúdú Kan Lórí Pátákó

Títí di òní, bí mo bá rántí bàbá àgbà ọmọ kíláàsì mi kan, inú máa ń bí mi. Bí mo bá wá rántí ẹnu ara mi, inú máa ń bí mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan nítòsí Ìjàyè, nígbà tí ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Orí ilẹ̀ tí Ìbàdàn pa run ní 1862 ni wọ́n ti ń bá bàbá wọn gbin ẹ̀gẹ́, àmọ́ bí mo bá ti dárúkọ ogun yẹn, oorun ni. Ìwé tí wọ́n kó fún wa náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni, orúkọ ológun lórí orúkọ ológun. Ó sú mi. Mo gba pátákó lọ́wọ́ káfíńtà, mo kan ìṣó sí i ní ìlà mẹ́ta, mo ṣa ìdérí ìgò mínírà jọ, mo lu wọ́n níhò, mo sì kùn wọ́n lọ́dà. Pupa fún ilé tó ti wà níbẹ̀ kí ogun tó dé, funfun fún ilé tó sá lọ tó sì padà wá, dúdú fún ilé tó bá ogun Ìbàdàn wọlé. Mo ní kí oníkálukú lọ bi àgbà ilé wọn, kó wá fi ìdérí tirẹ̀ kọ́ síbi tó yẹ.

Oorun dá lójú wọn. Wọ́n ń jà du ìṣó. Nígbà tí ìlà funfun gùn ju ìyókù lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ibo gan-an ni gbogbo èèyàn wọ̀nyí sá lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí ìbéèrè yẹn.

Ọmọbìnrin tó mọ̀wé jù nínú wọn, tí wáẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ku oṣù méjì, ló mú ìdérí dúdú. Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

"Ìyá àgbà ni, sà. Ó wà nínú oríkì wa. Àràárọ̀ ni wọ́n fi ń kí bàbá àgbà: Ọmọ abógun-wọ̀lú-má-bógun-lọ."

Ẹni tó bógun wọ̀lú, tí kò bógun lọ. Kí ló tún kù? Mo yìn ín lójú gbogbo kíláàsì.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bàbá àgbà rẹ̀ ń bá ilé kejì ṣẹjọ́ ilẹ̀ etí odò, ó sì ń sọ ní kóòtù pé baba ńlá òun ti ń dáko níbẹ̀ kí ogun tó dé. Ọmọ ilé kejì náà wà ní kíláàsì wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, lọ́yà ilé kejì ti gbọ́.

Bàbá àgbà náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó já wọ kíláàsì láìkí ẹnikẹ́ni.

"Tíṣà, ìwọ lò ń kọ́ ọmọ mi kó máa ta ilé baba rẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìtàn la kàn ń…"

"Ìtàn bàbá ta ni? Ìwọ tó o dé lánàá! Yọ ìdọ̀tí yẹn, kó o fi pupa síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mi ń bá mi lọ sóko nìyẹn, kò ní fẹsẹ̀ tẹ ibí mọ́."

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, ojo èèyàn, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́jú sí mi. Mo wo ọmọ náà, mo ro ti ìdánwò rẹ̀. Mo yọ dúdú, mo fi pupa kọ́. Ọmọ náà tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ká olè mọ́lé.

Ká ní mo panu mọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run túbọ̀ fún mi ní làákàyè. Làákàyè! Inú bí mi dé góńgó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kígbe:

"Àmín, bàbá! Ọmọ abógun-wọ̀lú-má-bógun-lọ!"

Orí rẹ̀ wú. Ó gbé àyà sókè, ó dáhùn, "Hẹn-ẹn! Èmi náà nìyẹn!"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kó mọ ohun tó dáhùn sí.

Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó fà á jáde, ìwé rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Wáẹ́ẹ̀kì dé, ó kọjá. Àwọn ọmọ kíláàsì tó kù ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé tíṣà yìí lẹ́nu. Mo lẹ́nu lóòótọ́. Mo fi borí arúgbó kan, mo sì fi lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé-ìwé.