Orin Tí Màmá Fi Ń Dìde

Mi ò fọkàn tán orin tó bá ṣàdédé lọ sókè. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dàgbà sí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń pariwo jù níbẹ̀, ohun kan wà tó ń fi bò.

Nígbà tí màmá mi fi oko kòkó wọn lẹ́bàá Emùré sílẹ̀, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkẹ́rẹ́, àràárọ̀ ni wọ́n ń kọrin ìyìn ní ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Orin tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn ni. Wọ́n ń fi kí Ọlọ́run kú iṣẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń kí bíríkìlà. Wọ́n á rọra máa kọ ọ́, yóò sì ṣàdédé bú jáde débi tí ajá aládùúgbò á fi máa gbó.

Kíá ni mo ti mọ ohun tó wà ńlẹ̀, àbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá ń kọrin sókè láàárọ̀, ẹnìkan ló ń fi bá wí. Ìyálé ń kọ ọ́ bá ìyàwó, ìyá ọkọ ń kọ ọ́ bá aya ọmọ. Ó sì ti lé ní oṣù kan tí mo ti dé ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn. Èmi ni wọ́n ń kọrin bá, inú sì ń bí mi. Nígbà tó sú mi, mo yọ́ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gún mi lára.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan tó jọ ọ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí, orin ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí abọ́ kún, wọ́n gbá ògiri mú láti dìde, ibẹ̀ gan-an ni ohùn wọn ti lọ sókè. Wọ́n fi ọwọ́ kejì di ìbàdí mú, ojú wọn fún pọ̀, "kú iṣẹ́" sì ń dún lẹ́nu wọn. Bí wọ́n ṣe dúró tán, ohùn rọlẹ̀.

Ojú tì mí. Ẹ̀rù sì bà mí, nítorí bàbá mi náà fi àìsàn pamọ́ fún wa títí ó fi gbé wọn lọ.

Mo jáde sí wọn. "Màmá, láti ìgbà wo ló ti ń dùn yín?"

"Kí lo wá wò ní ulé ùdáná? Ọlọ́un ni mo ń kí."

"Ẹ ń kígbe ni."

Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Bí mo bá ké, ùwọ ló máa gbọ́, o ò sì ní sùn. Òun kì í sùn."

Lọ́jọ́ kejì, mo fi dandan gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní oríkèé ìbàdí wọn ló ń bàjẹ́, pé ká ní a pẹ́ sí i ni, wọn ì bá má lè rìn mọ́. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi lo oògùn, tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ọsibítù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, orin tún bú jáde. Mo ju búrọ́ọ̀ṣì ẹnu mi sílẹ̀, mo sáré lọ. Wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọn ò di ohunkóhun mú.

"Níbo ló tún ń dùn yín?"

"Kò dùn mí níbì kankan." Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Àbí ọjọ́ ẹkún nìkan ló yẹ kí n máa kí Ọlọ́un?"

Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo dúró, mo ń ṣọ́ ọwọ́ wọn títí wọ́n fi kọ ọ́ dé òpin. Ọwọ́ náà ò kan ìbàdí rárá. Nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, mo bá wọn gbè é.