Ẹja Tí Mo Rò Pé Ó Ń Kí Mi

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tọ́jú ẹja ní ilé ìwádìí kan ní Akpakpa, ní Cotonou. Àrọ̀ àti epìyà ni mo mọ̀. Àrọ̀ ò ní wàhálà, ẹ̀ báà fi í sínú ẹrẹ̀, yóò yè. Èmi wá rò pé ẹni tó mọ àrọ̀ ti mọ gbogbo ẹja tí Ọlọ́run dá.

Lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá mi, Màdámù Àdùkẹ́, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àkọ́bí mi, kó ogójì ẹja wẹ́wẹ́ dé láti odò kan lórí òkè Atakora. Tẹ́trà ni wọ́n ń pè wọ́n, wọn ò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé omi tútù tó ń ṣàn láàárín òkúta ni wọ́n mọ̀, kí n má ṣe pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpótí gíláàsì wọn. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tó lọ sí Parakou fún ọ̀sẹ̀ kan, ariwo ẹ̀rọ náà ò jẹ́ kí n gbádùn rédíò mi, mo bá pa á.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn gòkè wá sójú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Àrọ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n ti mọ̀ mí, wọ́n ń kí mi. Mo dá wọn lóhùn, mo sì bu oúnjẹ sí i fún wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú, mo ní àárẹ̀ ọ̀nà ni.

Mẹ́sàn-án péré ni Màdámù bá láàyè nígbà tó dé. Mo tún ń yangàn pé kó wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi. Ó wo omi, ó wo ẹ̀rọ.

“Papa Bọ́sẹ̀, wọn ò kí yín. Èémí ni wọ́n ń wá.”

Ojú tì mí gidi. Odò tó ti kó wọn ti gbẹ. Bí mẹ́sàn-án yìí bá kú, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta rẹ̀ ti wọmi. Mo lè ní iná ló lọ, Cotonou la wà, yóò gbà á gbọ́. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

“Màdámù, èmi ni mo pa á. Nítorí rédíò.”

Kò bú mi. Ó ní kí n tan ẹ̀rọ. Mo tẹ̀ ẹ́, iná sì lọ lóòótọ́.

Mo bá mú agolo, mo ń bu omi wọn, mo ń dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí apá mi kú, Màdámù gbà á. Bẹ́ẹ̀ la ń gbà á fún ara wa títí iná fi dé nírọ̀lẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọjú sí wọn tẹ̀rùtẹ̀rù. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà nísàlẹ̀, wọ́n kọjú sí omi tí ẹ̀rọ ń mú ṣàn. Mo kí wọn. Kò sí ẹyọ kan tó wojú mi, ayọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.