Ọjọ́ Tí Fíríìjì Ọkọ̀ Onígbòkun Sinmi

Òórùn epo dísù àti ti igi tí omi iyọ̀ ti rin gbingbin ló kọ́kọ́ pàdé wa nínú ọkọ̀ onígbòkun yẹn ní èbúté Tema, ní Ghana. Ọkọ̀ kékeré ni, ó ti gbó, bátìrì sì ni ohun gbogbo inú rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó tó ni ín, òun àti ìyàwó rẹ̀, fẹ́ ṣí ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n fíríìjì wọn kì í sinmi. Ó ń fa bátìrì gbẹ. Bí bátìrì bá kú lójú òkun, iná àti rédíò kú nìyẹn.

Ọkọ mi ló ń tún fíríìjì ṣe ní Kokomlemle, ní Accra. Èmi ń ta ọṣẹ àti mílíìkì ní ọjà Kaneshie. Ó ní kí n wá bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Kò bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọlọ́dẹ etí omi rí àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀, ó pè é láti ẹ̀yìn pé, "Papa Alata, ṣé ọṣẹ lẹ fẹ́ lọ tà fún òyìnbó ni?" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, orúkọ ọṣẹ dúdú wa náà sì ni. Ọkọ mi kò wẹ̀yìn. Mo rò pé ó ń gbéra ga ni. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín fún ọlọ́dẹ.

Nínú ọkọ̀, ó fi àìsàn fíríìjì hàn mí. Páìpù bàbà kan, tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, jáde lẹ́yìn kọ́ńtírò, ìyẹn ohun tí à ń yí láti fi ṣètò òtútù. Gáàsì wà nínú páìpù náà. Ó yẹ kí orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin tó ń dì, kí ó lè mọ̀ nígbà tí òtútù bá tó. Nígbà náà ni kọ́ńtírò yóò ta, yóò dún "tà", tí ẹ́ńjìnnì fíríìjì yóò sì sinmi. Ṣùgbọ́n ìdè rẹ̀ ti já, ó ń fì dirodiro.

"Irin ti di yìnyín," ni ọkọ mi wí, "afẹ́fẹ́ ni eléyìí ń bi léèrè."

Ó dè é pinpin, ó yí súkúrúù kékeré tó wà lára kọ́ńtírò, ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí fíríìjì, ó ń dúró. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Àṣà lásán ni mo pè é.

Kọ́ńtírò ta. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò gbé ọwọ́ kúrò. "Ó kù díẹ̀," ló wí, ó tún mú súkúdíráfà.

Ìgbà náà ló yé mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi ń gbọ́ràn. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ fíríìjì, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n. Bí kò bá gbọ̀n mọ́, ó ti sinmi. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ yìí, ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, lábẹ́ ìjókòó lọ́hùn-ún. Igi àpótí fíríìjì kò sọ nǹkan kan fún un. Ilé wa kì í ṣe ilé ọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sì dé Kokomlemle, ta ni yóò gbé fíríìjì wá fún adití? Iṣẹ́ yẹn la fi ń tọ́ àwọn ìbejì wa.

Ó yẹ kí àyà mi já. N kò mọ nǹkan kan lára. Mo kàn gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó sọ súkúdíráfà kalẹ̀.

"Ó ti sinmi, sà."

A jókòó wákàtí kan láti rí i dájú. Ó tún ta lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó òyìnbó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Madam, ọkọ̀ yìí ò ní í rì o!"

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí.

Nínú trotro, ọkọ̀ èrò tó ń gbé wa padà sí Accra, ó ń wo títì. Nígbà tí a sún mọ́ oríta Circle, ó ní, "Ìyá Ìbejì, o ò ṣe kó ọjà rẹ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù?" O mọ bí trotro ṣe ń pariwo. Mo fi orí sọ fún un pé mo gbà.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó síbẹ̀, títí ó fi kú. Bí kọ́ńtírò bá ti ta, mo fọwọ́ kàn án. Àwọn oníbàárà ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ fi ọkọ yín sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́!" A kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà rí, èmi pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí a sin ín, omijé kò wá. Àwọn àna mi ń wò mí. Mo ti gbà báyìí pé ohun tí mo ní láti sọ fún un, mo ti sọ ọ́ tán nínú ọkọ̀ yẹn. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé kí òun náà ti sọ fún mi, ẹ̀ẹ̀kan péré. Fíríìjì kíṣínnì mi ṣì ń ta. Ọwọ́ mi á jáde sí ẹ̀gbẹ́, á dúró níbẹ̀ díẹ̀. N óò wá mú un padà, n óò máa já kontomire, ìyẹn ewé kókò ọbẹ̀ mi, lọ.