Ibi Tí Mọ̀ọ́mi Gé Nínú Téèpù

Kí n tó kúrò ní yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè, nǹkan kan ṣoṣo ló kù: kí n fi àwòrán òòfà ara téèpù orin han àwọn olùyẹ̀wò. Bí kò bá sí àwòrán, kò sí ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀rọ tó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa o. Abẹ́rẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, tó kéré débi pé ojú ò lè rí ṣóńṣó rẹ̀. Á máa rìn lókè téèpù láìfara kàn án. Bí òòfà téèpù bá ṣe fà á tàbí tì í ni ẹ̀rọ á ṣe ya àwòrán. Ibi tí ohùn bá wà á wá nílà bí aṣọ òfì: dúdú, funfun, dúdú, funfun. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi ní ọ̀rẹ́ kan lókè òkun tó ní ẹ̀rọ yìí, ó sì gbà láti bá wa yà á lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo sáré lọ bá màmá mi l'Ójòwó, n'Íjẹ̀bú-Igbó. Tíṣà ni wọ́n, àwọn náà ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Wọ́n fẹ́ràn kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gba ìsìn ìkórè wọn sílẹ̀ ju èmi ọmọ wọn lọ.

"Mọ̀ọ́mi, ẹ gé díẹ̀ fún mi níbẹ̀."

"Gé kẹ̀? Kásẹ́ẹ̀tì mi? Ṣé orí ẹ pé?"

"Ó máa dé òkè òkun, mà."

Ojú wọn tàn. Wọ́n ní kí n lọ jẹun, àwọn máa gé e fúnra wọn. Kí n tó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, wọ́n ti wé e sínú bébà fún mi.

Nígbà tí àwòrán dé, ọ̀gá mi ń wo kọ̀ǹpútà bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wò. Gbogbo rẹ̀ rí wúruwùru bíi gààrí tó dà sílẹ̀, àfi ẹyọ àwòrán kan tó nílà.

"Irú orin wo lẹ ń kọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó gan-an?"

Mo gun ọ̀kadà la ìlú Òrù kọjá padà sọ́dọ̀ màmá mi, mo ń dá sọ̀rọ̀ débi pé ọlọ́kadà ń dá mi lóhùn.

"Mọ̀ọ́mi, ibo lẹ gé nínú téèpù yẹn?"

"Ibo ni ǹ bá gé? Ṣé orin ni ǹ bá fi ṣòfò? Ibi tá a ti ń gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́ ni mo gé. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ odidi ìjọ ni mo fi ránṣẹ́ sókè òkun! Mo na ẹyọ àwòrán tó nílà sí wọn. "Èyí wá ńkọ́, mà?"

Wọ́n fi awò sójú, wọ́n wò ó, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Ikọ́ ni! Ikọ́ bàbá ìjọ! Ọdọọdún ni mo ń bá wọn wí, wọ́n á ní àwọn kì í wúkọ́. Gbé àwòrán yẹn wá, ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n!"

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá mi, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín pa wá débi pé akọ̀wé yọjú wò wá.

"Ariwo àti ìdákẹ́jẹ́ lórí téèpù kan náà," ni wọ́n wí nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. "Kí lo tún ń wá? Lọ kọ ọ́!"

Lọ́jọ́ ìdánwò, olùyẹ̀wò tó le jù nawọ́ sí ìlà náà. "Kí nìyí?"

"Ikọ́ ni, sà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Ọ̀fun bàbá olùyẹ̀wò náà ń yún wọ́n, mo rí i. Wọ́n gbé ikọ́ náà mì, omi lé sí wọn lójú, wọ́n sì fún mi ní máàkì mi láìbi mí ní ìbéèrè mìíràn.