Igi Ápù Tí Wọ́n Ń Kọrin Fún

Kí a tó kó wá sí Mesquite, lẹ́bàá Dallas níbí, abúlé kékeré kan ní Ìlú Ọba ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa ń gbé. Bí òtútù bá ti mú gan-an, tí ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, gbogbo abúlé á wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni igi ápù tó dàgbà jù wà. Wọ́n á fi búrẹ́dì yíyan há ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á da ọtí ápù sí ìdí rẹ̀, wọ́n á máa lu ìkòkò, wọ́n á sì kọrin fún un pé kó so dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Àwọn tó ní kí a má bọ igi mọ́ rèé!" Ìyá arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá mi rẹ́rìn-ín, ó sì ki ìkòkò kan bọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, kò sẹ́ni tó ń lu ìkòkò tó mi.

Nígbà tí ọkọ mi ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Dallas, n kò fẹ́ bá a wá. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Mo ti fi ayálégbé sínú ilé wa, yóò máa dúró dè wá." Mo gbà á gbọ́. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bọ̀ lórí títì márosẹ̀, tí oòrùn ń jó mi lójú, ilé yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú.

Ní Jánúárì tó kọjá, mo pe ìyá arúgbó abúlé náà lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tiwọn. Ọkọ mi ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n gbọ́ orin yẹn."

Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, a ò kọrin lọ́dún yìí. Àwọn tó ra ilé yín ti gé igi náà."

"Ta ló ra ilé wa?"

"Háà! Mo rò pé o mọ̀. Kí ẹ tó lọ ni ọkọ rẹ ti tà á."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ti ta ilé?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, o ò ní tẹ̀ lé mi."

Òótọ́ ló sọ: ǹ bá má tẹ̀ lé e. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó mọ ohun tí mo fẹ́, ó wá fi irọ́ gbé mi gba ibòmíràn. Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ àwọ̀ tí a ó fi kun ilé náà bí a bá padà, ṣe ló ń mi orí sí mi. Gbogbo abúlé mọ̀, èmi nìkan ni n kò mọ̀.

Ó ní kí pásítọ̀ wa bá òun bẹ̀ mí. Mo ní mo ti gbọ́. A ṣì jọ ń gbé, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún mi pé níbi iṣẹ́ òun, wọ́n fẹ́ gbé òun lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Coppell, lápá kejì Dallas, ṣùgbọ́n pé a ò ní kó kúrò nílé. Mo dúró títí ó fi wọ balùwẹ̀, mo wá pe ìyàwó ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mo bi í bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ara mi kò balẹ̀.